LG àtijọ́, Sony Xperia, Moondrop, àbí fóònù ọwọ́ wa pẹ̀lú àdápítà: èwo ni ká fi gbọ́ orin dáadáa n'Ìbàdàn?

Àwo orin tí bàbá mi fi sílẹ̀ lé ní ọgọ́ta. Àpàlà pọ̀ níbẹ̀, sákárà wà, àwúrebe wà, jùjú àti fújì ìgbà ìbẹ̀rẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. Inú àpótí pákó kan nílé wa ní Òkè-Àdó ni wọ́n wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Lọ́dún tó kọjá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan, ní 24-bit àti 96 kHz (màá ṣàlàyé rẹ̀ nísàlẹ̀), mo sì tọ́jú wọn sínú fáìlì FLAC kí ohunkóhun má baà já bọ́ nínú ohùn wọn. Ìgbà tí iṣẹ́ yẹn parí ni mo tó rí i pé fóònù ọwọ́ mi kò yẹ wọ́n. Kò ní ihò íápíìsì. Bluetooth nìkan ló mọ̀, íápíìsì Bluetooth tí mo ní nígbà náà sì sọ ohùn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ di bí ẹni ń ya bébà.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá fóònù tó dára fún orin nìyẹn. Mo rìn Queens Cinema ní Dùgbẹ̀, mo dé Ìwó Road, mo yá ti ọ̀rẹ́ lò, mo rà, mo sì tà. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ gbé kalẹ̀ níbí, kí ẹni tó fẹ́ náwó lè fi wọ́n wé ara wọn. Èrò mi rèé kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà: íápíìsì ni kó kọ́kọ́ jẹ owó yín, ohun tó ń sọ nọ́ńbà di ohùn ni kó tẹ̀lé e, fóònù fúnra rẹ̀ ló kẹ́yìn.

Ohun tí fóònù ń ṣe sí orin

Orin inú fóònù, nọ́ńbà lásán ni. Etí kì í sì í gbọ́ nọ́ńbà. Afẹ́fẹ́ tó ń gbọ̀n ni etí ń gbọ́. Ẹ̀yà kékeré tó ń sọ nọ́ńbà yẹn di iná tó ń mi awọ inú íápíìsì ni wọ́n ń pè ní DAC. Ámpílífáyà kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń fi agbára kún un. Ẹ wo onílù: ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ ti wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ àti kọ̀ǹgọ́ ló máa sọ ọ́ di ohùn tí àwùjọ á gbọ́. Bí ọwọ́ bá rọ, ọ̀rọ̀ tó dùn á di wúyẹ́wúyẹ́. DAC àti ámpílífáyà ni ọwọ́ àti kọ̀ǹgọ́ fóònù.

Gbogbo fóònù tó ní ihò íápíìsì ló ní irú ẹ̀yà yìí nínú. Èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún orin yàtọ̀ ní ti pé DAC rẹ̀ mọ́ tónítóní, ámpílífáyà rẹ̀ sì lè gbé hẹ́dífóònù ńlá tí fóònù lásán kò lè gbé.

Ní ti nọ́ńbà, CD tó jáde ní 1982 ń wọn ohùn nígbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ní ipele 65,536 tó lè fi ohùn kọ̀ọ̀kan sí. Ìyẹn ni 16-bit. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ ni wọ́n ń pè ní hi-res. Ní 24-bit/96 kHz, ìgbà 96,000 ni, ipele sì di 16,777,216. Àmì olómi wúrà tí wọ́n kọ "Hi-Res Audio" sí, ẹgbẹ́ Japan Audio Society ló ń fúnni láṣẹ láti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọjà. Ó ń sọ pé ẹ̀rọ náà lè gba irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Kò sọ pé ohùn á dùn. Ọmọkùnrin kan ní Queens Cinema fi ìka tọ́ àmì yẹn fún mi lára páálí, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ wò ó, Hi-Res ni, kò tún sí èyí tó jù ú lọ." Kò purọ́ o, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ.

Ṣé etí ń gbọ́ ìyàtọ̀ láàárín CD àti hi-res? Mo dán an wò. Mo fi àwo àpàlà kan náà ṣe fáìlì méjì, ọ̀kan ní 24-bit/96 kHz, èkejì ní 16-bit/44.1 kHz, mo ní kí àbúrò mi obìnrin máa fi èyí tó bá wù ú sí i láìsọ fún mi. Bí mo ṣe ń gbà á náà ni mo ń ṣì í. Nígbà tó wá pààrọ̀ íápíìsì, agogo kò tíì dún lẹ́ẹ̀mejì tí mo fi mọ̀. Mo ṣì ń tọ́jú àwọn àwo náà ní 24-bit, torí bí mo bá fẹ́ yọ ariwo abẹ́rẹ́ kúrò tàbí kí n gbé ohùn sókè, àyè wà láti ṣe é láìba nǹkan jẹ́. Fún gbígbọ́ lásán, CD tó.

Fáìlì tí kò dára ńkọ́? Ọ̀pọ̀ fújì tí a ń gbà látorí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ MP3 128 kbps (kbps ni wọ́n fi ń ka bí nọ́ńbà orin ṣe pọ̀ tó láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), tí wọ́n ti gé ohùn rẹ̀ kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tó wà nínú CD, ìyẹn 1,411 kbps. Kò sí bí a ó ṣe se ebòlò tí kò ní rùn ìgbẹ́. Fóònù olówó ńlá kò lè dá ohun tí wọ́n ti gé sọnù padà. Bí ó bá jẹ́ pé irú fáìlì yẹn nìkan ni ẹ ní, ẹ kọ́kọ́ wá fáìlì tó dára kí ẹ tó ronú kan fóònù.

LG: èyí tí àwọn olólùfẹ́ orin kò tíì gbàgbé

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ fóònù tí wọ́n fi ọkàn sí ohùn rẹ̀, LG ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. V20 jáde ní 2016, V30 ní 2017, V40 ní 2018, V60 ní 2020. G7 àti G8 náà wà láàárín wọn. Gbogbo wọn ló ní ohun tí LG ń pè ní Hi-Fi Quad DAC, tí ilé iṣẹ́ ESS ti Amẹ́ríkà ṣe. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021 ni LG kéde pé àwọn fi iṣẹ́ fóònù sílẹ̀, nítorí náà tòkunbọ̀ ni gbogbo èyí tí ẹ máa rí báyìí.

Ohun tó wú mi lórí jù nínú V30 ni bó ṣe ń wọn íápíìsì tí ẹ bá kì bọ̀ ọ́. Hẹ́dífóònù kọ̀ọ̀kan ló ní ìdènà iná tirẹ̀, ohm ni wọ́n fi ń kà á. Íápíìsì kékeré sábà máa ń wà ní nǹkan bí 16 tàbí 32. Hẹ́dífóònù àwọn tó ń gba ohùn sílẹ̀ lè tó 250 tàbí 300. Bí LG bá rí i pé ìdènà náà ju 50 lọ, á fi agbára tó pọ̀ sí i ránṣẹ́. Ìdí nìyí tó fi lè gbé hẹ́dífóònù ńlá tí fóònù mìíràn máa fi sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Mo fi àwo àwúrebe kan sí i nílé lóru, iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ti dákẹ́, mo sì gbọ́ ẹ̀mí olórin kó tó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti mọ orin yẹn, mi ò gbọ́ ẹ̀mí yẹn rí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gún wà lára rẹ̀. Quad DAC yìí kì í ṣiṣẹ́ àfi pẹ̀lú wáyà. Ẹni tó bá fi Bluetooth gbọ́ orin lórí LG, owó DAC tó san ti wọmi. Android 9 ni V30 dúró sí, torí náà kì í ṣe fóònù tí mo máa fi áàpù báńkì sí. Bátìrì rẹ̀ ti dàgbà bí ọjọ́ orí rẹ̀. V60 sàn ní ìhà yìí, bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5,000 mAh, àmọ́ ó tóbi, kò sì rọrùn láti rí.

Ẹ ṣọ́ra fún G6. Èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù kò ní Quad DAC, èyí tí wọ́n tà ní Kòríà ló ní in, ojú wọn sì jọra. LG Velvet náà kò ní. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ ki íápíìsì wáyà bọ̀ ọ́, kí ẹ wọ ibi Settings, kí ẹ wá "Hi-Fi Quad DAC" níbi ohùn. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ dá a padà fún wọn.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí nítorí ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Fóònù tòkunbọ̀ àkọ́kọ́ tí mo rà nítorí orin, ẹ̀gbẹ́ òsì ń dún, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ń ké bí eṣinṣin. Wọ́n ti tú u rí, ihò íápíìsì rẹ̀ kì í ṣe èyí tó bá a wá. Mi ò mọ̀ títí mo fi délé, torí sípíkà ni mo fi dán an wò lọ́jà. Nígbà tí mo padà lọ, ẹni tó tà á fún mi ní ọjà tó ti kúrò lọ́wọ́ òun ti kúrò. Ó dùn mí gan-an. Láti ìgbà náà, íápíìsì ara mi àti mẹ́mọ́rì káàdì tí mo ti kó orin sí ni mo máa ń gbé lọ sọ́jà, mo sì máa ń yí ẹnu wáyà náà nínú ihò díẹ̀díẹ̀ bóyá á hó.

Sony Xperia: ìfọ̀kànbalẹ̀, bí owó bá wà

Kò sí ihò íápíìsì lára Xperia 1 tí Sony gbé jáde ní 2019, àmọ́ Sony dá a padà ní 2020 lára Xperia 1 II. Láti ìgbà náà ni gbogbo Xperia 1 ti ní ihò wáyà àti àyè mẹ́mọ́rì káàdì papọ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ fóònù olówó ńlá yòókù ti kọ̀ sílẹ̀. Samsung yọ ihò íápíìsì kúrò lára Galaxy S lẹ́yìn S10 ti 2019. Apple ti ṣe bẹ́ẹ̀ láti iPhone 7 ní 2016.

Ibi tí Sony ti dára jù ni pé fóònù tòótọ́ ni: kámẹ́rà dára, áàpù báńkì ń ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ mọ́. Ohùn rẹ̀ mọ́ lórí íápíìsì kékeré. Bí ẹ bá wá gbé hẹ́dífóònù 250 ohm lé e, agbára rẹ̀ kò tó ti LG. Èyí tí mo yá lò jẹ́ ti ọ̀rẹ́ mi kan ní Bódìjà, mo lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Hẹ́dífóònù ńlá mi ń fẹ́ kí n gbé e dé òkè pátápátá kó tó dùn. Ìṣòro kejì ni pé Xperia ṣọ̀wọ́n n'Ìbàdàn. Àwọn kan wà nínú èyí tó ń wọlé wá láti Japan tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ ti tì pa, ẹ sì ní láti fi SIM yín dán an wò ṣáájú. Bí ojú rẹ̀ bá fọ́, ẹ ó dúró de ojú mìíràn títí.

Moondrop àti àwọn tó jọ ọ́

Moondrop ti ilẹ̀ China, tí a mọ̀ mọ́ íápíìsì, gbé fóònù kan jáde ní 2024, MIAD 01, ní dọ́là 399. Ihò méjì ló ní: 3.5 mm tí gbogbo wa mọ̀, àti 4.4 mm fún wáyà tó ya ọ̀tún àti òsì sọ́tọ̀ pátápátá. DAC Cirrus Logic ló wà nínú rẹ̀, àyè mẹ́mọ́rì káàdì sì wà. Onkyo ti Japan ti gbìyànjú irú rẹ̀ ní 2017 pẹ̀lú Granbeat. Mi ò rí ọ̀kankan nínú méjèèjì lórí káńtà n'Ìbàdàn, ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ránṣẹ́ sókè òkun. Fún èmi, fóònù tí kò sí ẹni tó lè tún un ṣe láti Ọ̀jọ́ọ̀ dé Chálẹ́ńjì kì í ṣe ohun tí mo lè gbà ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó rà gẹ́gẹ́ bí fóònù kan ṣoṣo tó ní.

Fóònù ọwọ́ wa, pẹ̀lú àdápítà

Ibí ni mo fẹ́ kí ọ̀pọ̀ yín dúró sí. Tecno, Infinix àti itel ló kún ọwọ́ wa. Ilé iṣẹ́ kan náà, Transsion, ló ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọn kò ṣàì ronú kan orin: ara fóònù Tecno ni Boomplay ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2015, Infinix Note 30 ti 2023 sì ní ihò íápíìsì, àyè káàdì, àti sípíkà tí wọ́n bá JBL ṣe. Ohùn ihò yẹn kò burú. Kò jin bíi ti LG, ṣùgbọ́n pẹ̀lú íápíìsì gidi, ẹni tó wà nínú Micra láti Mọ́kọ́lá lọ sí Sángo kò ní mọ ìyàtọ̀, torí fèrè mọ́tò àti ariwo kọ̀ndọ́ á ti bo ohun tí ìyàtọ̀ yẹn wà fún.

Bí fóònù yín kò bá ní ihò, àdápítà USB-C ni ọ̀nà. Ẹ gbọ́ mi níbí, torí ọ̀pọ̀ owó ń ṣòfò síbẹ̀. Oríṣi méjì ló wà lọ́jà. Ọ̀kan ní DAC tirẹ̀ nínú ìdí wáyà, fóònù á kàn fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí i. Èkejì kò ní nǹkan kan nínú ju wáyà lọ, fóònù díẹ̀ ló sì lè bá a ṣiṣẹ́. Ojú wọn jọra. Èyí tí kò ní DAC ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ń tà lórí tábìlì lẹ́bàá ọ̀nà, bí ẹ bá sì ki í bọ inú fóònù tí kò gbà á, kò ní dún rárá. Ẹ dán an wò lójú ẹni tó ń tà á.

Èyí tí Apple ń ṣe, tó jẹ́ dọ́là 9 ní Amẹ́ríkà, mọ́ ju bí iye rẹ̀ ṣe rí lọ, ó lè gba 24-bit/48 kHz. Lórí Android nìkan ni ohùn rẹ̀ ti máa ń kéré. FiiO ní tirẹ̀, àwọn KA, tó lágbára jù ú lọ. Èyí tí mo ń lò nìyẹn. Lórí Oppo àti realme, ẹ ní láti tan OTG (ohun tó ń jẹ́ kí fóònù bá ẹ̀rọ mìíràn ṣiṣẹ́ gba ihò USB) ní ibi Settings kí fóònù tó mọ̀ pé ẹ ki nǹkan bọ̀ ọ́.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn ọlọ́jà kì í sọ. Android sábà máa ń po gbogbo ohùn pọ̀ (orin, ìró WhatsApp, ìró bọ́tìnnì), á sì yí wọn sí ìwọ̀n kan ṣoṣo, 48 kHz ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kó tó rán wọn jáde. Nítorí náà 96 kHz tí ẹ tọ́jú lè má dé inú àdápítà bí ẹ ṣe tọ́jú rẹ̀. Áàpù USB Audio Player PRO máa ń gba ẹ̀yìn kọjá, ó ń rán fáìlì lọ tààrà. Owó ni wọ́n fi ń rà á, mi ò sì kábàámọ̀ tèmi.

Àléébù àdápítà ni pé ó gba ihò ṣájà. Bí iná bá dé ní agogo méjì òru tí fóònù sì ti fẹ́ kú, ẹ ó yàn láàárín orin àti bátìrì.

iPhone kò gba àkókò wa púpọ̀. Láti iPhone 15 ni àdápítà USB-C kan náà ti ń bá a ṣiṣẹ́, ìyẹn dára. Áàpù Music rẹ̀ kì í gba FLAC, ALAC, irú rẹ̀ tí Apple fúnra rẹ̀ ṣe, ló ń gbà, kò sì ní àyè mẹ́mọ́rì káàdì.

Bluetooth

Iye tí LDAC, ọ̀nà tí Sony ṣe láti fún orin pọ̀ kó lè gba Bluetooth kọjá, lè gbé jù lọ jẹ́ 990 kbps. AptX HD, irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ mìíràn, jẹ́ 576. CD tí a kò fún pọ̀ jẹ́ 1,411, ti 24-bit/96 kHz sì jẹ́ 4,608. Ẹ fi wọ́n wé ara wọn fúnra yín. LDAC ti wà nínú Android láti 2017, iPhone kò ní in rárá, AAC ni tirẹ̀. Fún ìrìn, fún iṣẹ́ ilé, LDAC dùn. Ẹni tó jókòó gbọ́ bí gúdúgúdú ṣe ń dáhùn ìyá ìlù, kó fi wáyà gbọ́ ọ.

Àyè tí orin ń gbà

Ìṣẹ́jú kan 24-bit/96 kHz tí a kò fún pọ̀ jẹ́ nǹkan bí 35 MB. Àwo ogójì ìṣẹ́jú kan á tó 1.4 GB, FLAC máa ń fún un dé nǹkan bí 800 MB. Àwo bàbá mi gbogbo gba nǹkan bí 50 GB, káàdì 128 GB gbà wọ́n tìrọ̀rùn. Ẹni tó bá fẹ́ máa fi dátà gbọ́ irú rẹ̀ lójoojúmọ́, wákàtí kan á jẹ ju 1 GB lọ. Ìdí nìyí tí àyè káàdì fi ṣe pàtàkì lójú mi ju àmì Hi-Res lọ.

Ta ni kó ra èwo?

Bí ẹ bá ti ní hẹ́dífóònù ńlá, tí ẹ sì lè ní fóònù méjì, ẹ wá LG V30 tàbí G8 tó mọ́, kí ẹ má fi SIM sí i, kí ẹ sọ ọ́ di ẹ̀rọ orin. Bí ẹ bá fẹ́ fóònù kan ṣoṣo tí owó kò sì jẹ́ ìṣòro, Xperia ni. Moondrop, ti ẹni tó mọ ohun tó ń wá ni. Gbogbo àwọn yòókù, àti ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní UI tàbí Poly tó ń béèrè lọ́wọ́ mi lójoojúmọ́: ẹ fi fóònù tó wà lọ́wọ́ yín sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi owó náà ra íápíìsì wáyà tó dé etí yín dáadáa, kí ẹ ra àdápítà tó ní DAC bí kò bá sí ihò.

Èmi ń lo méjèèjì. V30 kò kúrò lẹ́bàá ìbùsùn mi. Infinix tí mo fi ń pe ènìyàn ló ń bá mi jáde, àdápítà FiiO wà nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹnu wáyà rẹ̀ ti fẹ́ máa já lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ibi tí ó ti ń tẹ̀ nínú àpò ni. Tí ẹ bá máa ra ọ̀kan, ẹ yan èyí tí wáyà rẹ̀ gùn díẹ̀, tó sì rọ̀.